Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ẹgbẹ́ Onílé Àdúgbò Wa: Owó Ajá Ló Tọ́jú Ọlọ́dẹ Yín

Bàbá Alága wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Mo kí Màmá náà nílé. Mo gbọ́ pé orúnkún tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, Ọlọ́run á tu wọ́n lára.

Èmi télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tíráńsífọ́mà ni mo kọ ìwé yìí. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni mo rán áńkárá aláwọ̀ ọsàn tí ẹ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ yín lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ áńkárá yẹn ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Bí kò bá nídìí, ọmọdé kì í kọ lẹ́tà sí àgbà lójú gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rán akọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọlọ́dẹ ẹgbẹ́ tí ajá bù jẹ, èsì kan náà ló mú bọ̀: ẹ ní ẹ ó gbé e yẹ̀ wò. Ohun tí ẹ sọ nípa mi ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú sì rèé, ojú èèyàn ogójì lẹ ti sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín fa ọ̀rọ̀. Ẹ bí irú mi lọ́mọ. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó gbọ́ tiyín gbọ́ tèmi náà.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kí n má bàa ṣì yín gbọ́. Ẹ ní: "Ẹgbẹ́ onílé ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ alájá. Èèyàn tí ebi ń pa kún ìgboro Ìbàdàn, télọ̀ wá ń gbé agolo kiri torí ajá tí ò sẹ́ni tó ni ín." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Ṣùgbọ́n nínú owó tí mo fi agolo yẹn àti WhatsApp kó jọ láti tọ́jú ajá tí mọ́tò gbá, ₦53,500 ló lọ sórí Bàbá Ọlọ́dẹ. Ọlọ́dẹ ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín gbà síṣẹ́, tí ẹ fún ní tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Èèyàn tí ẹ ní mo gbàgbé nítorí ajá, òun ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Nítorí náà, mi ò wá tọrọ owó ajá lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Owó èèyàn yẹn ni mo wá gbà padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, ní ìdájí, aago márùn-ún kò tíì lù. Mo ti jí torí aṣọ òkú kan wà nílẹ̀ tí wọ́n máa wá gbà láàárọ̀. Mo gbọ́ tí táyà mọ́tò fa ilẹ̀, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí alábàárù bá ju àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni igbe. Mi ò mọ̀ pé ajá lè ké báyẹn. Fèrè Bàbá Ọlọ́dẹ dún lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe máa ń fọn ọ́n tí olè bá wọlé, mo sì mú tọ́ọ̀ṣì jáde. Iná ẹ̀yìn mọ́tò ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì ńlá. Awakọ̀ náà kò dúró.

Inú gọ́tà ni ajá wà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ti yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí, egungun sì ti gún awọ jáde. Bàbá Ọlọ́dẹ, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dúdú yẹn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹ̀. Bó ṣe gbé e, ajá náà bù ú jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, láàrin àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Eyín wọlé. Kò jù ú sílẹ̀. Ó gbé e títí dé orí páálí tí mo tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wá ní: "Ìrora ló bù mí jẹ, kì í ṣe òun."

Àgékù áńkárá ni mo fi di ajá náà lẹ́nu kó má tún bu ẹlòmíràn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta la dá dúró. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun kì í gbé ajá. Ẹnì kejì ní ₦10,000. Ẹni kẹta ní tí mo bá lè tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó, òun á gbé wa lọ ní ₦3,000, á sì tún wá gbé wa padà ní iye kan náà nígbàkigbà tí wọ́n bá ní ká máa lọ. Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Bàbá, kò sẹ́ni tó ni ajá náà lóòótọ́. Àmọ́ ó ní orúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láyé àtijọ́, ẹni tí kò lè bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú koroju, ajá ló máa ń rà, á fi òwe sọ ọ́ lórúkọ, á wá máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn lè gbọ́. Tanímọ̀la ni Bàbá Ọlọ́dẹ sọ tiwa, nígbà tó já wá láti ìsàlẹ̀ odò lọ́dún méjì sẹ́yìn, awọ àti egungun, eégbọn kún etí rẹ̀ bí hóró inú ìbẹ́pẹ. Mo bi Bàbá léèrè nígbà náà pé ta ló ń fi orúkọ náà bá wí. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ni Tanímọ̀la ń sùn, lábẹ́ tábìlì alákàrà. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, á dìde, á na ara, á tẹ̀ lé fìtílà Bàbá. Ẹ rántí òru yẹn nínú oṣù Ẹbìbí tí wọ́n wá tú wáyà tíráńsífọ́mà. Bàbá Ọlọ́dẹ wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò níbi tí gọ́tà ti ya, kò lè gbọ́. Ajá ló gbọ́. Ariwo tó pa ló jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin ilé kẹrin jáde, àwọn olè sì fi ayùn àti àkàbà sílẹ̀ sá lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ₦5,000 ta Bàbá lọ́rẹ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, tí ẹ ní ẹgbẹ́ ì bá ti máa dá mílíọ̀nù báyìí. Bàbá ra ẹ̀gbẹ́ ẹran níbẹ̀ fún ajá. Àwa tó ń rí i nìkan ló mọ̀.

Ó dáa. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ẹranko, dókítà obìnrin kan ló pàdé wa, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó gbé ètè ajá sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀, ó yọ ọwọ́, ó sì ń kà lábẹ́nu. Ó ní tí ara bá pé, ibi tí òun tẹ̀ tó funfun yẹn gbọ́dọ̀ ti padà pọ́n kí òun tó ka eéjì. Ó ka ẹẹ́rin. Èrìgì náà funfun bí ìwé tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kò tó nínú iṣan mọ́, wọ́n sì so omi dírípù mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rárá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: egungun tó yọ síta tó ń bani lẹ́rù, òun kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pa ajá.

Bí wọ́n ṣe ń so dírípù náà, ojú dókítà bọ́ sí ọwọ́ Bàbá. Ó bi í pé kí ló ṣe é. Bàbá ní kò sí nǹkan kan. Ìyá kan tó gbé ewúrẹ́ wá ti ń wá epo pupa nínú àpò rẹ̀ láti fi pa á. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan pa á. Ó mú Bàbá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fún un ní ọṣẹ, ó na ọwọ́ sí aago ara ògiri: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Bàbá ń ní omi ti tó, dókítà ń ní kò tíì tó.

Ó wá ṣàlàyé dìgbòlugi fún wa. Gbogbo wa la mọ orúkọ yẹn, èébú la fi ń bú ara wa. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé láti ìgbà tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó mọ́, àfi kí èèyàn máa ka ọjọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú àmì yẹn. Ara ajá sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń kú nípa rẹ̀ láyé ti ń kó o. Tanímọ̀la kò gba abẹ́rẹ́ rí, torí kò sẹ́ni tó ni ín. Nítorí náà, kí Bàbá má ṣe sùn kó tó dé ilé ìwòsàn èèyàn.

Ó tún sọ ọ̀kan tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Tí ajá tó bu èèyàn jẹ bá wà láàyè, tí ara rẹ̀ dá fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tó bu onítọ̀hún jẹ, a jẹ́ pé dìgbòlugi kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà èèyàn lè wá dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ṣùgbọ́n tí a bá pa ajá náà, ọpọlọ orí rẹ̀ ni wọ́n máa gbé lọ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó lè mọ òótọ́. Bí a bá sì ti sọ ọ́ sódò ńkọ́? Àmọ̀ọ́mọ̀tán ni.

Bàbá, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yín kọ ọ́ sórí WhatsApp àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ká kó "òkú ajá yẹn" sínú àpò ká lọ jù ú nù kí owó má bàa bá a lọ. Mi ò dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Bí a bá ṣe bó ṣe wí, a ì bá ti ju ohun kan ṣoṣo tó lè sọ fún wa pé Bàbá Ọlọ́dẹ máa yè nù pẹ̀lú ajá. (Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí òfin sọ nípa ìkà sí ẹranko, abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ló wà: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn ₦50. Àádọ́ta náírà, bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Kò ra ju omi ọ̀rá kan lọ mọ́.)

Abẹ́rẹ́ kan, ₦16,000. Ẹ̀yin lẹ ń sanwó oṣù Bàbá, ẹ mọ iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá fi ránṣẹ́ sílé tán. Kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tọ́jú ajá, pé òun ti jẹun pẹ̀lú ọwọ́ tó burú jù yẹn lọ rí. Èmi ló ní kó jókòó. Abẹ́rẹ́ kìíní lọ́jọ́ náà, ìkejì lọ́jọ́ Ẹtì, ìkẹta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. ₦48,000 nìyẹn. Dídi ọgbẹ́ àti owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ₦5,500. Wọ́n tún kọ oògùn kan tí wọ́n máa ń gún sójú ọgbẹ́ gan-an. Ilé oògùn mẹ́rin la dé, a kò rí i rà.

Níbo ni owó ti wá? Tajá tẹran ló dá a, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Agolo mílíìkì kan ni mo lu ojú rẹ̀ tí mo gbé sórí máṣíìnì. Alákàrà ló kọ́kọ́ ju ₦500 sí i, ó ní ajá tó ń sùn lábẹ́ tábìlì òun, oníbàárà òun ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ju ₦20, ₦50. Mẹkáníìkì ìkọ̀rọ̀ fi ₦5,000 sí i, ó ní ká má sọ fún ìyàwó òun, mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Ẹlẹ́ran ní òun kò ní owó, àmọ́ òun á máa fi egungun pamọ́ lójoojúmọ́ títí ajá á fi dé. Ó ń fi pamọ́ lóòótọ́, fìríìjì mi kún. Ohun tó wà nínú agolo náà nígbà tí mo dà á jáde, ₦31,700.

Ti orí WhatsApp le ju ti agolo lọ. Wọ́n ti lu àwọn èèyàn ní jìbìtì rí. Àwòrán ajá ẹlẹ́jẹ̀ kan náà làwọn gbájú-ẹ̀ máa ń gbé ká orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lónìí wọ́n á ní Àkúrẹ́ ló wà, lọ́la wọ́n á ní Àbújá ni. Ẹnìkan bi mí ní gbangba pé báwo lòun ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ra máṣíìnì tuntun. Ó dùn mí fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà mo rí i pé òun ló tọ̀nà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya rìsíìtì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, títí kan ti ₦1,500 òwú àti báńdéèjì. Èèyàn mẹ́tàlélógún fi owó ránṣẹ́, ₦84,500.

Ọmọ ilé kẹfà tó wà ní Manchester gbọ́, ó ní òun fẹ́ ṣí GoFundMe, ìkànnì tí wọ́n fi ń dá owó jọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A wo ọ̀rọ̀ náà títí, kò ṣeé ṣe fún èmi tí mo wà ní Nàìjíríà láti gba owó níbẹ̀, torí ilẹ̀ wa kò sí lára àwọn tí wọ́n ń sanwó sí. Ó kàn fi pọ́n-ùn àádọ́ta ti ara rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà, ìyẹn nìkan jẹ́ ₦101,500 nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ó wá ń sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹgbẹ́ aláàánú kan wà tí wọ́n ń pè ní PDSA, obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Dickin ló dá a sílẹ̀ ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní London, kí ẹran tálákà lè rí ìtọ́jú. Mo bi í pé ṣé ebi ò pa èèyàn ní London nígbà ogun yẹn ni. Ó ní ebi pa wọ́n.

Kí n tó fọwọ́ kan náírà kan nínú owó náà fún abẹ́rẹ́ Bàbá, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé owó ajá ni ẹ dá o, mo fẹ́ mú níbẹ̀ fún èèyàn, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó sọ. Ẹnìkan ní kí n dá ₦2,000 òun padà, mo dá a padà, kò sí nínú àròpọ̀ òkè yìí. Àwọn tó kù ní kí n máa bá a lọ. Ọmọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ mẹ́rin wà lórí ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí àmì pé wọ́n kà á. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ọlọ́dẹ ẹgbẹ́ rèé, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ san án. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù nìyí, mi ò ní parọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ọjọ́rú ni dókítà gbé àwòrán X-ray sójú iná hàn mí. Egungun ojúgun ti fọ́ sí mẹ́ta, yanrìn gọ́tà sì ti wọnú ọgbẹ́. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè ti irin bọnú egungun náà, owó rẹ̀ á ju ìlọ́po méjì owó gígé ẹsẹ̀ lọ, bí ọgbẹ́ bá sì kẹ̀, a ṣì máa padà wá gé e. Tàbí kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti itan báyìí. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní àlùmọ́gàjí tí wọ́n ní kó gé léèsì oníléèsì. Aṣọ téèyàn bá ṣì gé, a lè lẹ̀ ẹ́. Dókítà rí ojú mi, ó ní tí ajá bá dúró, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀, orí ẹsẹ̀ iwájú ló wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló rọrùn fún un jù láti pàdánù. Mo pe Bàbá lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Ṣé á ṣì lè gbó?" Mo ní á ṣì lè gbó. Ó ní kí wọ́n gé e.

Wọ́n gé e lọ́jọ́bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ṣubú, ó tún dìde. Àná, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ mẹ́wàá pé láti ìgbà tó ti bu Bàbá jẹ. Ara rẹ̀ dá, ó ń jẹun, ojú rẹ̀ mọ́. Dókítà èèyàn ní kí Bàbá má wulẹ̀ gba abẹ́rẹ́ kẹrin mọ́. Tanímọ̀la ló fi ₦16,000 yẹn sápò wa, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Wọ́n gún òun náà ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kí wọ́n tó jẹ́ ká máa lọ, kẹ̀kẹ́ wa sì wá gbé wa bó ṣe ṣèlérí.

Ìṣirò rèé, ẹ pe akápò kó bá yín wò ó. Káàdì àti àyẹ̀wò ajá, ₦5,000. Dírípù àti abẹ́rẹ́ àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ₦28,500. X-ray, ₦15,000. Iṣẹ́ abẹ, ₦120,000. Oorun mẹ́wàá pẹ̀lú oúnjẹ, ₦40,000. Oògùn tí wọ́n kó fún wa wálé, ₦14,000. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tirẹ̀, ₦4,000. Kẹ̀kẹ́ lílọ bíbọ̀, ₦6,000. Ti ajá nìkan jẹ́ ₦232,500. Ẹ fi ₦53,500 ti Bàbá Ọlọ́dẹ lé e, ₦286,000. Ohun tó wọlé látọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, ₦217,700. Mo jẹ ilé ìwòsàn ní gbèsè ₦68,300, wọ́n sì jẹ́ kí n gbé e jáde torí mo fọwọ́ sí i pé màá san án lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, tí a bá lọ tú òwú ojú iṣẹ́ abẹ.

Ẹ yọ owó Bàbá kúrò nínú gbèsè náà, ẹ wò ó. ₦14,800 péré ló kù. Tajá tẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó ajá tán. Owó ọlọ́dẹ ni kò rí ẹni san án.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè ni kí ẹgbẹ́ san ₦53,500 yẹn láti inú owó ọdẹ. ₦2,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, ṣọ́ọ̀bù ₦1,000. Mi ò jẹ oṣù kan rí láti ọdún márùn-ún, ìwé yín á jẹ́rìí sí mi. Ẹni tí a torí rẹ̀ ń dá owó náà fara pa lẹ́nu iṣẹ́, lóru, pẹ̀lú fèrè yín lọ́rùn. Bí kì í bá ṣe irú èyí la dá owó ọdẹ fún, ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún wa. ₦14,800 tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ìró àti bùbá mẹ́ta ni, màá rán an. Mo sì mọ̀ pé ìpàdé kò tíì kàn, ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ní alága àti akápò lè fọwọ́ sí ohun tí kò bá tó ₦100,000 tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Bí ẹ ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí gọ́tà ya, ìpàdé kankan kò jókòó.

Ọ̀kan ṣì wà nídìí rẹ̀, kò jọ mọ́ gbèsè yìí. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ka ajá àdúgbò yìí lọ́jọ́ Ajé: mẹ́rìnlá. Mẹ́ta péré ló ní káàdì abẹ́rẹ́. Dókítà ní tí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá ibì kan bá ti gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kì í rí ọ̀nà rìn níbẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, mẹ́wàá nìyẹn. Meje ló kù. ₦4,000 ní ọ̀nà méje, ₦28,000. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi ń sàmì àrùn yìí lágbàáyé, torí ọjọ́ yẹn ni Louis Pasteur kú ní 1895, òun ló ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò náà. Tí ẹ bá fọwọ́ sí lẹ́tà kan fún mi lórúkọ ẹgbẹ́, èmi á gbé e lọ, èmi á sì kó àwọn ajá náà. Ẹ lè fi ìyẹn sí ìpàdé tó ń bọ̀. Owó Bàbá ni kò lè dúró.

Ọ̀rọ̀ áńkárá wá kù. Ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún máa ń fẹ́ fi eyín já òwú ojú ọgbẹ́. Wọ́n ń ta ike kan tí wọ́n fi ń yí wọn lọ́rùn, mo ní owó ti tán, mo fi téèpù wọn ẹ̀ níwájú wọn níbẹ̀: àyà, íńṣì mẹ́tàlélógún, ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìrù, íńṣì mọ́kànlélógún. Àgékù tó wà nínú àpò mi tó rọ̀ tó sì tó fẹ̀ ni áńkárá aláwọ̀ ọsàn yẹn. Mo fi okùn sí i lẹ́yìn, mo ṣí ihò sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ajá tó wọ aṣọ ẹbí ọmọ yín níwájú tíráńsífọ́mà, ẹ má rò pé mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá a mu ni, àwọn tó ń kọjá sì ń bi mí pé ta ló rán an.

Lálẹ́ àná, Bàbá Ọlọ́dẹ gbé ìjókòó rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wú díẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń mú fèrè. Kò tíì jẹ́ kí ajá náà tẹ̀ lé òun.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa kúrò nílé. Gbogbo rìsíìtì wà nínú agolo bísíkíìtì lórí pẹpẹ mi, mo sì máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láti aago méje.

Èmi ni ọmọ yín,
Télọ̀ iwájú tíráńsífọ́mà.